Àtúnṣe: Ẹ má gbé òróró mì láràárọ̀ nítorí kẹ́tò

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri lórí WhatsApp pé ẹni tó bá ń jẹ kẹ́tò, ìyẹn oúnjẹ ọlọ́ràá púpọ̀ tí oúnjẹ afáralókun bí ẹ̀bà àti iyán kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nínú rẹ̀, gbọ́dọ̀ máa gbé ṣíbí òróró àgbọn mẹ́ta mì láràárọ̀, torí pé ọbẹ̀ ilé wa kò lọ́ràá tó. Irọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́ mọ́.

Ẹ wo ìkòkò ẹ̀gúsí. Òróró fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdajì ìwọ̀n ẹ̀gúsí tí a ti bó. Ìdí nìyẹn tí epo fi máa ń léfòó sójú ọbẹ̀ bó bá ti jinná dáadáa, kódà nígbà tí epo pupa tí a dà sí i kò tó nǹkan. Ṣíbí ńlá kan epo pupa ní ọ̀rá bíi gíráàmù 14, ẹyin kan bíi 5. Ẹ fi ẹja títù sí i, kí ló tún kù?

Òkèlè gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó ń fi ẹ̀bà jẹ ẹ̀gúsí náà kò sí nínú kẹ́tò, bó ti wù kó mu òróró tó. Inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ni ọ̀pọ̀ ń rí níbi òróró àmufòwúrọ̀ yẹn.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù: ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ dédé pa òkèlè tì láìrí dókítà, torí ṣúgà ara rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì.