Ẹgba kọ́ ló máa wò ó

Bọ̀dá, ẹ ní ọmọ tó bá ń ké tó sì ń di etí ní ọgbà ìṣeré Kukwaba l'Ábújá, àkẹ́bàjẹ́ ni, pé ẹgba ló máa wò ó, àti pé ìbotí, ohun tí wọ́n fi ń bo etí nítorí ariwo, tí ìyá rẹ̀ fi sí i lórí máa sọ ọ́ di adití. Ẹ má bínú o, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ariwo ló ń pa etí, kì í ṣe ìbotí. Ìbotí kàn ń dín ariwo kù ni. Ẹ pe ọmọ náà, á gbọ́ yín. Òótọ́ kan ló wà níbẹ̀: kò dáa kó wọ̀ ọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, torí etí lè túbọ̀ máa sá fún ariwo.

Ọmọ tèmi ní ọ́tísíìmù, ìyẹn ni pé ọpọlọ rẹ̀ ń gba ìró àti nǹkan mìíràn lọ́nà tó yàtọ̀. Jẹnẹrétọ̀ tí ẹ̀yin ò kà sí, bíi kí wọ́n máa lu irin sí i létí ni. Ṣé ẹgba á wá pa jẹnẹrétọ̀ ni? Lọ́jọ́ kan, ó lóṣòó, ó fún etí ìró mi mọ́wọ́ pinpin. Mo gbé e lọ sábẹ́ igi, mo fún un ní ìdérí ìgò, ó ń fi àtàǹpàkò ra á. Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ nawọ́ sí ẹṣin tó ń yí po.

Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ la máa ń lọ báyìí. Ọjọ́ Iléyá kẹ̀? Gbogbo Àbújá ló máa ń wà níbẹ̀!