Kí ìwé dúkìá àwọn alága káńsù jáde kí àṣírí tó tú

Wọ́n ti búra, wọ́n ti ya fọ́tò, agbádá ti padà sínú àpótí. Àwọn alága káńsù tuntun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà lẹ́kùn wa ti jókòó sí ọ́fíìsì: ti Ìkòròdú gan-an, ti Ìkòròdú North, Ìkòròdú West, Ìgbógbó-Bàyékú, Ìjẹ̀dẹ̀ àti Ìmọ̀tà. Láti Ọ̀gólọ́ńtọ́ dé Ìtá Ẹléwà, pátákó ìkíni ti gba ẹ̀gbẹ́ títì. Alága ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó ń kí i náà ń rẹ́rìn-ín, fọ́tò ẹni tó ń kí i sì máa ń tóbi ju ti alága lọ nígbà mìíràn. Ìwé ìròyìn yìí náà ń gba ìpolówó ìkíni, a kò ní sẹ́. Àmọ́ gbogbo wa la mọ̀ pé lára àwọn tó ń kí wọn kú oríire yìí, àwọn kan ti ń fojú sọ́nà fún iṣẹ́ gọ́tà.

Ohun tí a fẹ́ sọ kì í ṣe tuntun. A sọ ọ́ fún àwọn tí wọ́n búra fún lọ́dún 2017, a tún un sọ fún àwọn ti 2021, a sì ti ń sọ ọ́ bọ̀ láàárín méjèèjì débi pé àwọn kan ní káńsù ti ń pè é ní orin wa. Ó dáa, a tún fẹ́ kọ ọ́. Kí alága kọ̀ọ̀kan gbé ẹ̀dà ìwé dúkìá tó kọ fún Code of Conduct Bureau, àjọ tó ń mójú tó ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, síta. Kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde ẹnu ọ̀nà káńsù rẹ̀, níbi tí ẹni tó wá gba ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ rẹ̀ ti lè dúró kà á. Kí ó ṣe é báyìí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ní ẹ̀sùn kankan sí i lọ́rùn.

Àwọn alátìlẹ́yìn wọn ń bi wá pé kí la ń kánjú sí, wọn ò sáà tíì ṣe nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀, kì í pẹ́ rárá kí ìtìjú tó bá ìjọba tuntun. Ìjọba alágbádá ọdún 1999 kò tíì pé oṣù méjì tí olórí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, Salisu Buhari, fi kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù Keje, torí pé ó parọ́ ọjọ́ orí, ó sì ní òun kàwé gboyè ní Yunifásítì Toronto nígbà tí kò gba oyè kankan níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní kó san ìtanràn ₦2,000, Ààrẹ Ọbásanjọ́ sì dárí jì í lẹ́yìn náà. Lọ́dún 2007, ọmọ wa láti Ọ̀ṣun, Patricia Etteh, di obìnrin àkọ́kọ́ tó jókòó sórí àga yẹn, ní oṣù Kẹfà. Kí oṣù Kẹwàá tó parí, ó ti kúrò níbẹ̀ nítorí ₦628 mílíọ̀nù tí wọ́n ní kí wọ́n fi tún ilé ṣe, kí wọ́n sì fi ra mọ́tò. Kò sí ilé ẹjọ́ tó dá obìnrin náà lẹ́bi, ó sì yẹ ká sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó dá wàhálà sílẹ̀: ilé àti mọ́tò, ohun tí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ipò máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ohun tó lè kó àbùkù bá káńsù kò jìnnà sí ìwọ̀nyí: ìwé ẹ̀rí tí kò péye, mọ́tò, ilé, kọ́ńtíráàtì tó bọ́ sọ́wọ́ àbúrò ìyàwó, òṣìṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé owó oṣù tí kò sì sí ẹni tó ń jẹ́ ẹ.

L'Ábújá, ẹnì kan ṣì ń wo ẹnì kejì lójú. Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ Etteh ló dìde sí i. Nílé wa ńkọ́?

Nínú ìbò ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025, ẹgbẹ́ APC mú gbogbo ipò alága 57 tó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní 2017, bẹ́ẹ̀ ló rí ní 2021. Ipò káńsẹ́lọ̀ jẹ́ 376, wọ́n mú 375. Ẹyọ kan ṣoṣo tó bọ́ sọ́wọ́ PDP, Yaba ló wà. Ìyẹn ni pé láti Májídùn títí dé Agúrá, kò sí káńsẹ́lọ̀ kan tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ alága rẹ̀. Àwọn tí òfin ní kí wọ́n yẹ ìṣúná alága wò, kí wọ́n bi í léèrè bó ṣe náwó, àgbà ẹgbẹ́ kan náà ló fọwọ́ sí orúkọ tiwọn àti tirẹ̀. Ẹni tó ń bá ni jẹun nínú àwo kan náà kì í pariwo pé ẹran pọ̀ jù nínú ọbẹ̀. A kò bá ẹgbẹ́ tó wọlé jà o. Ẹni tó borí ti borí. Àwa tí a fi káàdì ìdìbò sílé, tí àwọn ọmọ wa ń gbá bọ́ọ̀lù lójú títì lọ́jọ́ ìdìbò, a ní tiwa nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, tí kò sí alátakò kankan nínú ilé, ta ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ bí nǹkan bá ń lọ ségesège?

Ìwé nìkan ló kù. Ìwé òfin ọdún 1999 kò sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Kété tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá gba ipò, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, àti lọ́jọ́ tó bá ń lọ, ó gbọ́dọ̀ kọ gbogbo dúkìá rẹ̀ àti gbèsè tó jẹ sílẹ̀, pẹ̀lú ti àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọn kò tíì pé ọdún 18. Òfin náà dárúkọ alága ìjọba ìbílẹ̀, ó dárúkọ àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ rẹ̀, ó dárúkọ òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Bí dúkìá kan bá yọjú lẹ́yìn ìgbà náà tí owó oṣù rẹ̀ kò lè rà, òun ló máa ṣàlàyé bó ṣe rí i. Ẹni tó bá parọ́ níbẹ̀ lè pàdánù ipò, wọ́n lè ní kó má dé ipò ìjọba kankan fún ọdún 10, ìjọba sì lè gba dúkìá náà.

Òfin kan náà tún sọ pé ará ìlú lè yẹ àwọn ìwé yìí wò, lábẹ́ ìlànà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Ábújá bá là sílẹ̀. Láti 1999 títí di òní, wọn kò là á sílẹ̀. Ó lé ní ọdún 25! Lọ́dún 2024, láàárín ọjọ́ mélòó kan péré ni wọ́n fi yí orin orílẹ̀-èdè padà, tí ààrẹ sì fọwọ́ sí i. Èyí tó máa jẹ́ ká mọ ohun tí wọ́n ní kí wọ́n tó débẹ̀ ni wọn ò ráàyè ṣe. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ìwé dúkìá fi ń wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù títí àṣírí yóò fi tú, tí EFCC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà jẹgúdújẹrá, yóò wá máa wá a kiri.

Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní kí ẹni tó kọ ìwé ara rẹ̀ má fi han aládùúgbò rẹ̀. Umaru Yar'Adua ṣe é ní 2007. Kò tíì lo oṣù méjì nípò ààrẹ tó fi gbé tirẹ̀ síta, dúkìá tó lé ní ₦850 mílíọ̀nù. Àwọn èèyàn kà á, wọ́n sọ̀rọ̀ sí i, ọkùnrin náà sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kí wá ni alága káńsù ní tí ààrẹ kò ní, tó fi ń bò ó mọ́lẹ̀?

A mọ èsì tí wọ́n máa ń fún wa. Wọ́n á ní àwọn ajínigbé yóò rí i. Ẹ jọ̀wọ́ o! Ajínigbé kò nílò ìwé kankan láti dá ẹni tó ń gun jíìpù dúdú mọ̀, tí mọ́tò mìíràn ń tẹ̀ lé, tí sáírínì ń ké níwájú rẹ̀ nínú kòtò Ìtàmágà. Àwọn kan tún lè gbẹ́nu lé e pé márùn-ún nínú káńsù mẹ́fà wa jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ onídàgbàsókè tí ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2003, pé orúkọ wọn kò sí lára ìjọba ìbílẹ̀ 774 tí orílẹ̀-èdè mọ̀. Òótọ́ ni, Ìkòròdú nìkan ló wà nínú ìwé òfin. Alága tó bá fẹ́ fi ìyẹn sá fún ìwé dúkìá, kí ó rántí sọ bẹ́ẹ̀ náà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pín owó.

A ti kan ọ̀rọ̀ owó. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ọdún kan gbáko lẹ́yìn rẹ̀ ni a dìbò, àpò àpapọ̀ pẹ̀lú ìpínlẹ̀ lowó náà ṣì ń gbà kọjá. Inú wa dùn sí ìdájọ́ yẹn nígbà tó jáde, inú wa ṣì dùn sí i. Lọ́jọ́ tó bá ṣẹ, alága kò ní rí gómìnà dì mọ́ mọ́ bí owó bá dàwátì. Kó tó di ìgbà náà, iye tó kan Ìkòròdú ń jáde l'Ábújá, ẹnikẹ́ni ló lè kà á. Kí alága Ìmọ̀tà, ti Ìjẹ̀dẹ̀ àti àwọn yòókù wá kọ iye tó dé ọ̀dọ̀ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí àwa náà ṣe ìṣirò. Ìpín kan tí wọ́n pín sí mẹ́fà, àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ tó ohun tí mọ́tò ń gbà kọjá.

Owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa fúnra wa ló tilẹ̀ ń dùn wá jù. Ìwé òfin gbé ọjà lé káńsù lọ́wọ́, ó gbé gáréèjì lé e, itẹ́ òkú, orúkọ òpópónà, títí kan ìwé àṣẹ báròò àti ọkọ̀ ojú omi kékeré. Ẹ lọ sí ọjà láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú, ẹ bá àwọn ẹlẹ́ja sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn tú tíkẹ́ẹ̀tì jáde nínú ìró rẹ̀ fún wa, ó ti lọ́wọ́ọ́wọ́, òórùn ẹja ti wà lára rẹ̀. Orúkọ káńsù wà lókè, iye owó wà láàárín, àyè ọjọ́ wà nísàlẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan kan sí. Kò sí nọ́ńbà. Ìwé tí kò ní nọ́ńbà, ta ló lè sọ iye tí wọ́n tẹ̀, ta ló lè sọ iye tó dé báńkì? Ìyá náà ní bí òun bá ti san ti ọmọkùnrin tó wọ fẹ́ẹ̀sì-káàpù, òmíràn tún ń bọ̀ tí yóò ní ti àkọ́kọ́ kì í ṣe ti káńsù. Nígbà tí a bi í bóyá ó ti bèèrè lọ́wọ́ wọn, ó wò wá bí ẹni tó ń wo ọmọdé, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ lè bi wọ́n, ẹja tèmi wà nílẹ̀."

Àwa lè bi wọ́n, a ó sì bi wọ́n. Òfin FOI ti ọdún 2011 fún gbogbo ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ìwé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba. Ó tilẹ̀ sọ pé kí ilé iṣẹ́ ìjọba fúnra rẹ̀ máa gbé orúkọ, ipò àti owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jáde, láìdúró kí ẹnikẹ́ni bèèrè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ìpínlẹ̀ ń fi yẹ̀yẹ́ sọ pé òfin Ábújá ni, kò kan àwọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sé ọ̀nà yẹn: ó kan gbogbo wọn. Nítorí náà, kí akọ̀wé káńsù kankan má tún wí fún akọ̀ròyìn wa pé ọ̀gá kò sí nílé.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, lẹ́tà wa yóò dé ọ́fíìsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ̀dà ìwé dúkìá alága wà lára ohun tí a bèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ló máa fínnúfíndọ̀ fún wa ní ìyẹn. Èyí tí òfin kò fi sí abẹ́ ìfẹ́ inú rẹ̀ ni orúkọ àti owó oṣù gbogbo olùrànlọ́wọ́ pàtàkì tó bá gbà síṣẹ́, àti ti olùrànlọ́wọ́ fún olùrànlọ́wọ́ pàtàkì, torí wọ́n ti pọ̀ jù níwájú káńsù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. A tún bèèrè kọ́ńtíráàtì kọ̀ọ̀kan tó bá gbé jáde, ẹni tó gbà á àti iye rẹ̀, pẹ̀lú iye tíkẹ́ẹ̀tì ọjà tó ń tẹ̀ lóṣù àti nọ́ńbà tó wà lára wọn.

Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn. Káńsù tó bá dáhùn, a ó tẹ ìdáhùn rẹ̀ bó ṣe rí, a kò ní gba kọ́bọ̀. Èyí tí kò bá dáhùn, orúkọ rẹ̀ yóò máa jáde lójú ewé àkọ́kọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi dáhùn.