Ẹ jẹ́ kí ará ilé mọ ọjọ́ tí ìwé iṣẹ́ yín máa parí

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ wa tó wà lórí CDD ló wà lọ́kàn mi, àwọn tí wọ́n ti kọ ọjọ́ ìparí iṣẹ́ wọn sínú ìwé láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà wọ́n. Wọ́n pọ̀ láàárín wa: akọ̀wé, olùkọ́ iléèwé aládàáni, agbowó ilé oògùn, àwọn tó ń jí ní ìdájí gba ọ̀nà Kútọnú lọ. Ọ̀pọ̀ wọn kì í sọ fún ará ilé pé iṣẹ́ náà ní ọjọ́ tó máa tán. Mo gbà pé fífi tí wọ́n ń fi í pamọ́ yìí ń pa wọ́n lára ju kí iṣẹ́ bọ́ lọ lọ.

Ẹ wo obìnrin kan ládùúgbò wa. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń tún ìwé rẹ̀ ṣe. Bí ó bá ti ku oṣù kan, oorun á dá lójú rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ló sì máa ń náwó jù. Wọ́n ní kó ra aṣọ ẹbí, ó rà á. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ní owó iléèwé kù, ó fún un. Tó bá ní òun ò ní, wọ́n á bi í pé ṣé kì í gba owó oṣù mọ́ ni. Ó ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun síta, owó tó yẹ kó tọ́jú sì ń lọ.

Àwọn kan á ní òfin wà. Ó wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òfin 2017-05 ti orílẹ̀-èdè Benin wa, tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, gba ọ̀gá láàyè láti máa tún CDD ṣe léraléra. Bí wọ́n bá lé èèyàn láìtọ́, tí ilé-ẹjọ́ sì dá a láre, owó gbà-máà-bínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju owó oṣù mẹ́sàn-án lọ. CNSS, iléeṣẹ́ owó ìrànwọ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń yọ owó wa sí, ti ọjọ́ ogbó, ti ọmọ àti ti ìjàǹbá ibi iṣẹ́ ni. Kò sí ti ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó sì ń gba SMIG, ìyẹn owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin, 52,000 sẹ́fà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, kí ló fẹ́ rí fi pamọ́ níbẹ̀? Ẹbí àti ẹgbẹ́ àjọ ló kù. Báwo ni wọ́n ṣe máa gbé e ró nígbà tí wọn ò mọ nǹkan kan?

Ọ̀rọ̀ àjọ yìí ń dùn mí, torí ibẹ̀ ló ti máa ń di ìjà. Ẹni tó ti tètè kó àjọ, tí iṣẹ́ wá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín, gbèsè ló wà lọ́rùn rẹ̀ yẹn. Oṣooṣù ni wọ́n á máa retí owó, ojú á sì máa tì í láti gba iwájú ìsọ̀ ìyá alájọ kọjá lọ́jà Ouando. Bẹ́ẹ̀, ká ní ó ti sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó pín oṣù ìkó, wọn ì bá fi tirẹ̀ sí oṣù tó tẹ̀ lé ìparí ìwé rẹ̀. Bí wọ́n bá tún ìwé náà ṣe, owó rẹ̀ wà. Bí wọn ò bá tún un ṣe, owó oúnjẹ àti owó ilé wà nílẹ̀ títí tó fi máa ríṣẹ́ mìíràn. Mo mọ àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọkàn wọn sì balẹ̀ díẹ̀.

Wọ́n tún máa ń ní kí òṣìṣẹ́ fi òwò kún un. Ó dára, àmọ́ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, tó tún ń wa zem, ọ̀kadà akérò, di òru, ara rẹ̀ ló ń ná. Òwò ibodè náà kò sì dáni lójú: nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣí i.

Ẹ̀yin àgbà ilé, ẹ̀yin ọkọ àti ìyàwó, ẹ jẹ́ kí ẹni yín lè sọ ọ́. Bí ọmọ bá ní ìwé òun máa parí lóṣù kẹfà, ẹ má kàn dáhùn pé Ọlọ́run ò ní jẹ́, kí ẹ wá pa ọ̀rọ̀ náà tì. Àdúrà dára, èmi náà ń gbà á. Bí ẹ bá ti ṣe àmín tán, ẹ bi í pé èló ló wà nílẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú ríra aṣọ ẹbí ọdún yìí.