Wọ́n Gba Owó Tíkẹ́ẹ̀tì Tán, Wọn Ò Ṣe Ọ̀nà: Ìyà Tó Ń Jẹ Ará Delhi Nínú Ìlú Ara Rẹ̀

Ẹni tó ń gbé Delhi, tó fẹ́ fi ọjọ́ ìsinmi kan ṣoṣo wo àwọn ilé àtijọ́ tó sọ ìlú rẹ̀ di olókìkí, ìyà ni yóò kọ́kọ́ jẹ kó tó dé ẹnu géètì. Kì í ṣe pé ohun àwòyanu wọ́n níbẹ̀. Ó lé ní 170 ilé, mọ́sálásí àti ibojì tí ASI, àjọ ìjọba àpapọ̀ Íńdíà tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kọ sínú ìwé pé òun ń dáàbò bò ní Delhi nìkan. Mẹ́ta nínú wọn, Qutb Minar, ibojì ọba Humayun àti Red Fort, ààfin olódi àwọn ọba àtijọ́, UNESCO ti kà wọ́n mọ́ ogún gbogbo ayé. Inú ọgbà wọn mọ́ níwọ̀n, koríko wọn gún. Ìta ni wàhálà wà, ìta yẹn ló sì ń bí mi nínú: láti ẹnu ibùdókọ̀ ojú irin títí dé ibi tí wọ́n ti ń já tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí ìjọba kan tó gbà pé òun ló ni ọ̀nà yẹn.

Ẹ wo Qutb Minar. Ilé gogoro yìí ga tó mítà 73, nǹkan bí ọdún 1199 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. Ibùdókọ̀ Metro (ọkọ̀ ojú irin inú ìlú) kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, lórí ìlà tí wọ́n kùn ní yẹ́lò. Èèyàn á rò pé tóun bá ti bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, òun ti dé. Irọ́ ni. Ó lé ní kìlómítà kan láti ibẹ̀ dé géètì, ọ̀nà náà kò sì ṣeé rìn fún ẹni tó ní ọmọ lọ́wọ́.

Kì í ṣe pé wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìlànà wà nílẹ̀, IRC:103 ti ọdún 2012 ni, tí Indian Roads Congress, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ọ̀nà ní Íńdíà, gbé jáde. Ó ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó mítà 1.8 láìsí nǹkan kan tó dí i, etí rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ga ju sẹ̀ńtímítà 15 lọ. Kí lẹlẹ́sẹ̀ ń bá pàdé? Etí títì tó ga ìlọ́po méjì iye yẹn, tí àgbàlagbà tí orókún ń dùn kò lè gùn láìjẹ́ pé ẹnìkan fà á sókè. Wọ́n ní torí kí ọkọ̀ má baà gùn ún làwọn ṣe gbé e ga. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí wọ́n ti gé e sílẹ̀ fún ẹnu ọ̀nà ilé onílé ni ọlọ́kadà ń gbà gòkè, tí yóò sì máa fọn fèrè sí ẹ̀yìn ẹni tó ń rìn lórí ibi tí wọ́n ṣe fún ẹsẹ̀. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá síwájú, àpótí iná mànàmáná dúró sí àárín ọ̀nà. Lẹ́yìn rẹ̀, igi. Lẹ́yìn igi, pẹpẹ gọ́tà tó ti fọ́ tí ẹnikẹ́ni ò pààrọ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ á kàn parí lójijì, wọ́n á sì tì yín sáàárín bọ́ọ̀sì. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ ńkọ́? Kò sẹ́ni tó rò ó rárá.

Ẹ ó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá nígbà náà. Wọ́n pọ̀ lọ bíi rẹ́rẹ lẹ́nu ibùdókọ̀, aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò, gbogbo wọn ló ní mítà. Ìjọba Delhi ti dá iye rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2023: 30 rúpì fún kìlómítà 1.5 àkọ́kọ́, rúpì 11 fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìyẹn. Ìrìn dé Qutb Minar kò yẹ kó jìnnà sí 40 rúpì lọ títí. 100 ni wọn á pè é, 150 bó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ bá sì ní kí wọ́n tan mítà, “mítà ti bàjẹ́” ni èsì. Mítà ẹgbẹ̀rún kẹ̀kẹ́ bàjẹ́ lọ́jọ́ kan náà, ọlọ́pàá ìrìnnà sì dúró nítòsí wọn, kò gbin. Ẹ má wọ ọ̀kan tó dúró sẹ́nu ibùdó gan-an. Ẹ rìn kọjá oríta àkọ́kọ́, kí ẹ dá èyí tó ń lọ lójú títì dúró, òun ló ń gbà láti tan mítà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ bá àwọn èrò wọ kẹ̀kẹ́ oníbátìrì, kí ẹ sì bèèrè iye tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ń san kí ẹ tó jókòó.

Ẹ dé ẹnu géètì wàyí. Owó ìwọlé Qutb Minar àti ti ibojì Humayun jẹ́ 40 rúpì fún ọmọ Íńdíà, 600 fún àjèjì. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń bá aláìsàn wọn wá sí ọsibítù ní Delhi, 600 yẹn ni tiwọn. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n ń dín 5 rúpì kù fún ọmọ onílé tó bá san án lórí fóònù, 50 fún àjèjì, wọ́n ní kí ìlà má baà gùn. Èrò dáadáa ni. Àmọ́ ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é: wọ́n lẹ kóòdù QR mọ́ pátákó kan, gbogbo èrò ṣù bò ó nínú oòrùn oṣù karùn-ún tó lè dé ìwọ̀n 45 lórí Celsius, gbogbo fóònù ń fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó á kúrò ní báńkì, tíkẹ́ẹ̀tì ò ní dé. Ẹ padà sí ojú fèrèsé, ẹni tó wà níbẹ̀ á ní ti orí fóònù kò kan òun. Ilé ni kí ẹ ti rà á lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, pẹ̀lú nọ́ńbà ìwé ìdánimọ̀ ẹnìkọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ya àwòrán ojú fóònù yín sílẹ̀, torí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá kú lẹ́nu géètì, kò sí àlàyé tí wọ́n á gbọ́. Ẹ má gbé oúnjẹ tàbí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé dání, wọn á dá a padà.

Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn tún jẹ́ ìṣòro tirẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni Red Fort ń tì. Ọjọ́ Ajé ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá ti ìjọba àpapọ̀ ń tì. Lotus Temple, ilé ìjọsìn àwọn Bahá'í, Ajé. Akshardham, tẹ́ńpìlì ńlá ti àwọn Híńdù, Ajé. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀, tó jẹ́ ọjọ́ Ajé nìkan ló ráyè, Qutb Minar àti ibojì Humayun ló kù fún un nínú àwọn ńláńlá, àwọn ìyẹn ń ṣí lójoojúmọ́ láti ìgbà tí oòrùn bá yọ. Ẹni tó bá sì mú ọjọ́ Àìkú láti pa Red Fort pọ̀ mọ́ ọjà Chandni Chowk á bá ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní títì. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ti Red Fort fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kó tó di ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, nítorí ibẹ̀ ni olórí ìjọba ti ń bá ìlú sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ òmìnira. Ó yé mi pé ààbò ṣe pàtàkì. Kí ló wá ṣòro nínú kí wọ́n kọ ọ́ sára Lal Quila, ibùdókọ̀ Metro tó wà fún Red Fort, kí èèyàn tó rìn jáde? Àìsọ yìí gan-an ló ń fún àwọn gbájúẹ̀ tó wà nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin New Delhi láyè. “Ó ti tì lónìí, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ìrìn àjò.” Ọ́fíìsì ìjọba kọ́ nibẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ni. Ojúlówó ọ́fíìsì àwọn arìnrìn-àjò ti ìjọba àpapọ̀ wà ní nọ́ńbà 88, òpópónà Janpath.

Chandni Chowk ló dùn mí jù, nítorí wọ́n ti tún un ṣe, ó sì ti ṣeé rìn rí. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i: nǹkan bíi kìlómítà 1.3 láti iwájú Red Fort dé mọ́sálásí Fatehpuri, òkúta pupa nílẹ̀, wáyà iná ojú pópó lọ sábẹ́ ilẹ̀, wọ́n gbé ìjókòó òkúta síbẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ láti aago 9 àárọ̀ dé aago 9 alẹ́, owó ìtanràn 20,000 rúpì. Pátákó rẹ̀ wà níbẹ̀, gàdàgbà. Ẹ dúró sẹ́nu ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà híhá tó já sí pópó náà ní ọ̀sán, kí ẹ máa wò. Ẹnu ọ̀nà ńlá nìkan ni wọ́n ń ṣọ́, ẹ̀gbẹ́ ni ọlọ́kadà ń gbà wọlé. Òpó kéékèèké tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti dá wọn dúró, wọ́n ti fà á tu. Orí ìjókòó òkúta ni wọ́n ń to páálí ọjà sí. Ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ èrò, tó ní ẹ̀tọ́ láti wà níbẹ̀, ni wọ́n ń lé sọ́tùn-ún sósì. Tí ẹ bá wọ inú ọ̀nà híhá wọ̀nyẹn tán, wáyà iná ṣì so kọ́ra lókè orí, ó nípọn ju itan lọ, ó sún mọ́ orí ẹni tó bá ga. Wọ́n ná owó ìlú, wọ́n ya fọ́tò, wọn ò yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ lọ́dún kejì.

Ta ló yẹ kó ṣe é? Ẹ bèèrè ní Delhi kí ẹ rí ohun ojú ń rí. ASI ló ni inú ọgbà. Títì tó bá fẹ̀ dé ẹsẹ̀ bàtà 60 jẹ́ ti PWD, iléeṣẹ́ iṣẹ́ òde ti ìjọba Delhi. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, MCD ni, ìjọba ìbílẹ̀. Àárín gbùngbùn ìlú, ní agbègbè Connaught Place, NDMC, ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn, ló ni ín. Ilẹ̀ púpọ̀ wà lọ́wọ́ DDA, àjọ ìdàgbàsókè Delhi tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957. Omi ní àjọ tirẹ̀. Ọlọ́pàá kò sí lábẹ́ ìjọba Delhi rárá, abẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló wà. Nítorí náà, pẹpẹ gọ́tà kan fọ́ níwájú géètì: ẹni àkọ́kọ́ á ní ó ti kọjá ọgbà òun, ẹni kejì á ní títì náà ti fẹ̀ jù fún òun, ẹni kẹta á ní àwọn olómi ló gbẹ́ ẹ. Ọdún á yí po. Ẹsẹ̀ ẹni tó já sínú rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Àwáwí tó burú jù lọ ni ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí kò fi sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níta, wọ́n á ní òfin ló dí àwọn lọ́wọ́: òfin ìṣẹ̀ǹbáyé, bí wọ́n ṣe tún un ṣe ní 2010, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ohun tuntun sí mítà 100 yí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ká. Bẹ́ẹ̀ ni, mítà 100 yẹn wà nínú òfin. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìtumọ̀ tí òfin náà fún ìkọ́lé: ó yọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbo gbòò, ilé ìtọ̀, gọ́tà, omi fún ará ìlú àti iná mànàmáná sílẹ̀ gbangba. Òfin tí wọ́n ń fi bojú gan-an ló fún wọn láyè! Àwọn obìnrin ò mu omi láti àárọ̀ nínú ooru nítorí wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa yà sí, wọ́n sì ń purọ́ òfin mọ́ wọn. Èyí tó wà náà, kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu rẹ̀ tàbí kí omi má yọ.

Ara ìlú náà ní ẹ̀bi tirẹ̀, n kò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Òpó irin tó wà nínú ọgbà Qutb Minar ti dúró fún nǹkan bí ọdún 1600, kò dípẹtà. Ọwọ́ èèyàn tó ń gbá a mọ́ra ló mú kí wọ́n fi irin yí i ká ní 1997. Wọ́n ń fi ìṣó gbẹ́ orúkọ olólùfẹ́ sára ògiri. Ògiri yẹn kì í ṣe sìmẹ́ǹtì: ẹfun àti bíríkì tí wọ́n gún kúnná ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Ibi tí ìṣó bá ti là, omi òjò á wọ̀ ọ́, rírẹ́ náà á sì wú kúrò lára òkúta. Kọ́ńtírátọ̀ tó bá fi sìmẹ́ǹtì dí i tún bà á jẹ́ sí i, nítorí sìmẹ́ǹtì ń há omi mọ́nú. Itọ́ pupa ti paan, ewé tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu, náà ńkọ́? Òkúta pupa Delhi ń fa omi; àwọ̀ itọ́ á wọlé lọ, ẹni tó bá fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ̀ ọ́ á họ awọ òkúta dànù pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún méjì àti ìtanràn tó lè dé 100,000 rúpì ló wà nínú òfin fún ẹni tó bá ba ilé wọ̀nyí jẹ́. Ẹ̀ṣọ́ jókòó sórí àga níbẹ̀, ó ń wò wọ́n.

Kí ni mo fẹ́ kí wọ́n ṣe? Kí wọ́n gé etí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ láti ibùdókọ̀ Qutub Minar dé géètì sílẹ̀ sí sẹ̀ńtímítà 15, kí wọ́n gbé àpótí iná kúrò láàárín rẹ̀. Kí wọ́n kọ iye owó kẹ̀kẹ́ sára ògiri ibùdókọ̀ ní Hindi àti Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú nọ́ńbà tí wọ́n ń gbé ní tòótọ́. Kí wọ́n ti ẹnu ọ̀nà híhá Chandni Chowk pẹ̀lú òpó tí ọlọ́kadà kò lè fà tu. Kí wọ́n ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí omi wà níbẹ̀. Kí orúkọ àjọ kan ṣoṣo wà lára pátákó ní géètì kọ̀ọ̀kan, àjọ tí yóò dáhùn fún ọ̀nà yẹn láti ibùdókọ̀ dé ibẹ̀, láìka ẹni tó ni títì sí.