A kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sí ìsọ̀ onígbàjámọ̀ kan ní Ajílòsun, ní Adó-Èkìtì, mo ń retí kí ó kàn mí, ni mo bá ń gbọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin ń fi ẹnu gbé àwọn ológun Burkina Faso, Málì àti Nìjẹ̀r jókòó sórí ìtẹ́, tí wọ́n sì ń ṣàdúrà pé kí irú wọn tètè dé Àbújá. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Àwọn àgbà ní a kì í bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí: orí ìbáà máa fọ́ni, ibẹ̀ náà ni fìlà ń gbé.

N kò sọ pé orí kò fọ́ wa o. Ẹni tó bá ra gaàrí ní Ọjà Ọba mọ̀ pé ó ń fọ́ wa gidigidi. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn tó gbé fìlà lọ síbòmíràn rí gbà? Àwọn ológun Málì gbàjọba ní oṣù Kẹjọ ọdún 2020, wọ́n tún un gbà ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021. Wọ́n ṣèlérí ìbò fún oṣù Kejì ọdún 2022, wọ́n sún un sí oṣù Kejì ọdún 2024, kò wáyé, nígbà tó sì di oṣù Karùn-ún ọdún 2025, wọ́n tú gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú ká. Ní Burkina Faso, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fipá gbàjọba nínú ọdún 2022 nìkan. Ìbò tí wọ́n fi sí oṣù Keje ọdún 2024, ọdún márùn-ún mìíràn ni wọ́n fi lé e. Olóṣèlú tó ń jẹ wá run, ọdún mẹ́rin mẹ́rin là ń kà fún un. Ta ni yóò ka ọdún sí ẹni tó gbé ìbọn dání létí?

Ẹ wo Sẹ̀nẹ̀gàl. Macky Sall, tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà, sún ìbò ààrẹ tó yẹ kó wáyé ní ọjọ́ 25, oṣù Kejì ọdún 2024. Àwọn ọ̀dọ́ tú sí ìgboro, ẹ̀mí tilẹ̀ sọnù, ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ òfin ilẹ̀ náà sì wọ́gi lé ìsúnsíwájú náà. Nígbà tí ìbò dé ní ọjọ́ 24, oṣù Kẹta, Bassirou Diomaye Faye, tí kò tíì ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ tó jáde lẹ́wọ̀n, ni wọ́n fi jẹ ààrẹ. Ní Gánà, ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, Bawumia, igbákejì ààrẹ tó ń du ipò ààrẹ, ti kí Mahama tó borí rẹ̀ kú oríire kí àjọ elétò ìdìbò tó kéde èsì. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìyẹn, nítorí pé ní Èkìtì níbí, ní ọdún 2014, Fayemi tó wà lórí àga gómìnà gbà fún Fayose tó borí rẹ̀ nínú ìbò.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ni í pọ̀n ọ́n. Ní ìbò gómìnà ọjọ́ 14, oṣù Keje ọdún 2018, àwa ọmọ ilẹ̀ iyì, ilẹ̀ ẹ̀yẹ, ni orúkọ wa bá “dìbò kí o sebẹ̀”, ìyẹn fífi ìbò gba owó, rìn káàkiri Nàìjíríà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gba owó tirẹ̀, ó fi ra iṣu àti ẹran ìgbẹ́. Iyán náà dùn, n kò níí purọ́, mo jẹ nínú rẹ̀. Àgbàrá ti gbẹ́ iwájú ilé rẹ̀ di kòtò láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí òjò bá sì rọ̀ ni ó ń ṣépè fún àwọn olóṣèlú, bí ẹni pé àlejò ló gbé ọmọ náà sí i lẹ́yìn.

Mo bi àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin náà pé ta ló ní káàdì ìdìbò nínú wọn. Ọ̀kan ní tòun sọnù nígbà tí òun ń kó ilé. Ọ̀kan ní ó wà lọ́dọ̀ bàbá òun ní Ìkọ̀lé. Ẹ̀kẹta kò forúkọ sílẹ̀ rí. Ẹ̀kẹrin, tí ohùn rẹ̀ ròkè jù nígbà tí wọ́n ń yin ológun, ní, “Bàbá, ṣé ẹ ti gbọ́ iye tí wọ́n máa pín lọ́tẹ̀ yìí?”

Ẹ fẹ́ kí sójà wá gbà yín sílẹ̀. Lọ́wọ́ ta ni?