Kì í ṣe gbogbo àyà ríro ló ń fẹ́ rọ́bà nínú iṣan ọkàn

Wọ́n tún ti ń sọ ọ́ kiri Sábó, ní Ìkòròdú: "Tí àyà bá ń dunni, àfi angiogram. Kí wọ́n ti rọ́bà bọ inú iṣan ọkàn kí wọ́n wò ó. Àyẹ̀wò yòókù, owó ni wọ́n fi ń gbà." Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Pé ẹ̀gbọ́n ẹnì kan ṣe é tí ara rẹ̀ sì yá, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí.

Ẹ wo ìwádìí CE-MARC 2 tí wọ́n ṣe ní UK, tó jáde ní 2016. Èèyàn 1,202 ni wọ́n fura pé iṣan ọkàn wọn ti ń dí, wọ́n sì pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ọ̀wọ́ kan tẹ̀ lé ìlànà tó wà nílẹ̀ nígbà náà. Àwọn yòókù kọ́kọ́ ya àwòrán láti ìta: àwọn kan MRI (ẹ̀rọ tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì ya inú ara), àwọn kan síkáànì tó ń fi ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń dé nínú ọkàn hàn. Láàárín ọdún kan, 28.8% ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ ló gba angiogram tí kò yẹ kí wọ́n gbà. Nínú àwọn MRI, 7.5% ni, nínú àwọn síkáànì, 7.1%. Ní ti ikú àti ìkọlù ọkàn, wọn ò rí ìyàtọ̀ kan tó dájú.

Rọ́bà yẹn kì í sì í ṣe ohun eré. Ọrùn ọwọ́ tàbí òkè itan ni wọ́n ń gbà tì í wọlé. Ojú ibẹ̀ lè máa ṣẹ̀jẹ̀, iṣan lè ya, ẹ̀gbà lè ṣẹlẹ̀. Nínú ìwádìí DISCHARGE ti 2022, tó ní èèyàn 3,561, jàǹbá ńlá látinú iṣẹ́ náà jẹ́ 1.9% fún àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n lọ gba rọ́bà, 0.5% fún àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ ya CT (àwòrán iṣan ọkàn tí wọ́n ń fi X-ray yà láti ìta).

Ìbéèrè mẹ́ta ni dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi yín. Ṣé àárín àyà ló ti ń fún pinpin, àbí ó ń ràn dé ọrùn, àgbọ̀n tàbí apá? Ṣé ìgbà tí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn tàbí tí ẹ gbé ẹrù ló ń dé? Ṣé ó ń lọ láàárín bí ìṣẹ́jú 5 tí ẹ bá sinmi? Tó bá jẹ́ ẹyọ kan péré ló bá a mu, tàbí kò sí rárá, ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ ti iṣan ọkàn. Lẹ́yìn náà ni ECG (àyẹ̀wò iná mànàmáná inú ọkàn), ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀.

Tí CT bá kàn, abẹ́rẹ́ apá nìkan ni. Kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ kíndìnrín yín wò. Ẹ má mu kọfí lọ́jọ́ náà. Bí ọkàn bá ń lù ju 65 lọ ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n máa ń fún yín ní oògùn tó ń dẹ̀ ẹ́. Tí wọ́n bá ní kí ẹ dá èémí dúró, ẹ dá a dúró. Àwòrán tó rú nítorí nǹkan wọ̀nyí ló ń sọ ẹlòmíràn di ẹni tí wọ́n ń ti rọ́bà bọ̀ lára lásán. Lóòótọ́, bí iṣan bá ti gan, CT lè fi dídí rẹ̀ hàn ju bó ṣe wà lọ.

Àmọ́ àyà tó fún pinpin ju ìṣẹ́jú 15 lọ, tí òógùn tútù ń yọ, ẹ má dúró de CT kankan. Ọsibítù lójú ẹsẹ̀ ni, torí ibẹ̀ gan-an ni rọ́bà ti ń gba ẹ̀mí là.