Ẹ Fi Sódábì Sìn Ín Dé Kútọnu

Láyé àtijọ́, bí ọmọ Kétu bá ń lọ sí ìrìn àjò, ìyá rẹ̀ á da omi tútù sílẹ̀, bàbá rẹ̀ á súre, ó parí. Wàyí o, ìdágbére ti di òde ńlá. Aṣọ ẹbí di oríṣi méjì, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún pápákọ̀ òfurufú. Àwòrán arìnrìn-àjò á wà láyà tíṣáàtì ogójì ènìyàn, òun àti bàálù kan tí kì í ṣe èyí tó fẹ́ wọ̀. Bọ́ọ̀sì méjì á gbéra ní Kétu, wọ́n á yà ní Pọ́bẹ̀, wọ́n á yà ní Sákété, wọ́n á yà ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá. Ibi tí wọ́n bá ti yà, sódábì ni, ọtí líle tí wọ́n ń fi ẹmu ṣe. Àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ ló ṣeni láàánú jù: ọ̀nà wọn ju 200 kìlómítà lọ, ẹbí sì pọ̀ lójú ọ̀nà.

Ogójì ènìyàn ló ń bu ọtí yìí, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń bu ún fún.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà. Ife kékeré sódábì kan, sẹ̀ńtílítà 3, tí agbára rẹ̀ bá jẹ́ 45 nínú ọgọ́rùn-ún, ní nǹkan bí gíráàmù 10 ọtí gidi nínú. Ara àgbàlagbà a máa lò tó wákàtí kan lórí ìyẹn nìkan, nígbà mìíràn ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgò bíà ńlá kan tó ife méjì àbọ̀ irú rẹ̀. Ẹni tó gba ife mẹ́jọ àti bíà méjì láàárín aago méjì ọ̀sán sí aago méje alẹ́ ti gbé ẹrù wákàtí 13 lé ara rẹ̀ lórí, márùn-ún péré ló sì ti sọ̀. Àwọn bàálù Yúróòpù sì sábà máa ń gbéra ní Kútọnu lálẹ́. Kọfí kò lè lé e, omi tútù kò lè lé e, ọsàn wẹ́wẹ́ kò lè lé e. Epo pupa tí àǹtí Àjàṣẹ́ ń fún un lá kò ṣe ju kó ba tíṣáàtì jẹ́ lọ.

Wọ́n á ní ẹ̀rù ló ń bà á, ọtí á fún un láyà. Inú bàálù tó ti gòkè dà bí orí òkè tó ga tó 1,800 sí 2,400 mítà. Òkè Sokbaro, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí èyí tó ga jù lọ ní Bẹ̀nẹ̀, kò ju 658 mítà lọ. Ẹ gbé irú rẹ̀ mẹ́ta lé orí ara wọn, kí ẹ gbé ọ̀mùtí lé wọn lórí, afẹ́fẹ́ tí ara ń fẹ́ dín kù níbẹ̀, ẹ wá ní kó fọkàn balẹ̀. Ẹlòmíràn á tún fi oògùn oorun lé e.

Ibi àyẹ̀wò ẹrù ni àṣà yìí ti ń dùn-ún wò. Bàbá àgbà ti fún ọmọ ní ohun àdúrà nínú ìgò omi Possotomè tó gba lítà kan àbọ̀. Òfin ibẹ̀ ni pé ohun olómi tí èèyàn fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ gbé wọlé kò gbọ́dọ̀ wà nínú ohun tó gbà ju mílílítà 100 lọ. Ìgò ni wọ́n ń wò o, kì í ṣe ohun tó kù nínú rẹ̀: bó ṣẹ́ ku ẹ̀kán mẹ́ta nísàlẹ̀ ìgò ńlá, kò ní wọlé. Ṣé ká wá da àdúrà bàbá àgbà sínú garawa? Èèwọ̀! Ọmọ gbé e sẹ́nu níbẹ̀, níwájú ẹ̀ṣọ́, ó mu ún gbẹ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù kí wọ́n máa wọkọ̀.

Ẹni tó gbọ́n jù á fi tirẹ̀ sínú báàgì ńlá. Ọtí tó lágbára ju 24 nínú ọgọ́rùn-ún lọ tí kò ju 70 lọ, lítà 5 péré ni wọ́n gbà fún ẹnì kan, nínú ìgò tí wọ́n tà á, tí ìdérí rẹ̀ ò tíì ṣí. Èyí tó ju 70 lọ kò wọkọ̀ rárá. Sódábì inú ìgò omi kò ní ìwé lára, ta ló fẹ́ mọ agbára rẹ̀? Tí wọ́n bá ṣèèṣì gbà á, ìdérí rẹ̀ lè tú lójú ọ̀run, kó ro sínú gàrí. Ẹni tó bá rẹ gàrí yẹn mu ní Paris kò ní mọ ohun tó kọlù ú.

Ó wá ku ẹnu ọ̀nà ìwọkọ̀. Ọmọbìnrin tó ń gba káàdì níbẹ̀ kì í ka ife. Ojú ló ń wò, èémí ló ń gbọ́, ìbéèrè kan ló sì ń bi wọ́n.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ káalẹ́. Ibo lẹ̀ ń lọ lónìí?”

“Ibi tí Ọlọ́run bá gbé mi dé.”

Ìdáhùn yẹn tó. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í dá ọ̀rọ̀ yìí sọ, á pe ẹnì kejì. Wọ́n á rọra mú ẹ̀gbọ́n kúrò lórí ìlà, síbi tí fóònù ò ti ní ya á. Ohùn wọn á lọ sílẹ̀, wọn ò ní sọ pé “ẹ ti yó” létí àwùjọ, torí ẹni tí ojú bá tì níta gbangba, ìjà ló kù tó mọ̀. Wọ́n á bi í bóyá ó ní àtọ̀gbẹ, bóyá orí ń fọ́ ọ: ṣúgà tó lọ sílẹ̀ lè mú kí ahọ́n wúwo kí ẹsẹ̀ sì máa wọ́ bíi ti ọ̀mùtí, ẹni bẹ́ẹ̀ dókítà ló nílò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sọ fún kọmandáǹ, ọ̀gá awakọ̀ bàálù. Bó bá ní rárá, rárá ni. Òfin Amẹ́ríkà tiẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé ilé iṣẹ́ bàálù kò gbọ́dọ̀ gba ẹni tó hàn pé ó ti yó wọlé.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni “jù ú sí mi, kí n jù ú sí ọ”. Ẹni tó wọn ẹrù rí ọ̀mùtí, ó ní àwọn àyẹ̀wò á rí sí i. Àyẹ̀wò ní ẹnu ọ̀nà á rí sí i. Ẹnu ọ̀nà ní àwọn inú bàálù á rí sí i. Lórí ìyẹn, tọ́ntọ́n kan tó mọ ẹnì kan á ti fóònù wá pé kí wọ́n bá òun fojú fò ó.

Bí wọ́n bá ti ti gbogbo ilẹ̀kùn ìta, ọ̀rọ̀ ti di ti àdéhùn Tokyo ti 1963, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí ìwà àìtọ́ nínú bàálù, kọmandáǹ sì láṣẹ láti dè é mọ́ àga. Ibi tí àdéhùn yẹn ti jò ni pé orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti forúkọ bàálù sílẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé ẹjọ́ lé lọ́wọ́. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ ní Montreal ní 2014 kí ibi tí bàálù balẹ̀ sí náà lè dá a, ìlẹ̀mọ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2020. Kò sí àgọ́ pólíìsì lójú ọ̀run. Wọ́n lè ní láti balẹ̀ sí ìlú tí kò sí nínú bìyé (tíkẹ́ẹ̀tì) ẹnikẹ́ni.

Báàgì ẹni tí wọ́n dá dúró kò gbọ́dọ̀ dá lọ. Ẹ̀rín ò sí níhìn-ín: ní 1985, ẹnì kan fi báàgì ránṣẹ́, kò wọkọ̀, bọ́ǹbù inú báàgì náà ló já bàálù Air India sínú òkun, 329 ènìyàn kú. Nítorí náà wọ́n á tú ẹrù títí wọ́n á fi rí àpò gàrí ẹ̀gbọ́n, gbogbo èrò á jókòó máa làágùn.

Lásìkò yìí, fídíò “Ó ti fò o!” ti wà lórí WhatsApp gbogbo Kétu. Ẹni tó fò wà lórí àga irin, ó ń wá bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan. Owó bìyé kò ní padà, kọ̀ǹpútà sì lè pa ti àbọ̀ rẹ́, torí kò wọ ti àlọ. Bọ́ọ̀sì tó ti dé Àjàṣẹ́ ṣẹ́rí padà wá gbé e, ó sì tún yà lọ́dọ̀ àǹtí. Àǹtí gbé ìgò kan jáde kó fi pẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti dá ọjọ́ ìdágbére kejì. Aṣọ ẹbí ni ò tíì yanjú: àwọn ará Kétu ní àlùkò, àwọn ará Àjàṣẹ́ ní àwọ̀ wúrà ló ń yọ nínú fídíò.